Àpò Méjì Bàbá Tíṣà: Ìtàn Luther, ẹja ṣáwá àti àṣìṣe olóòtú kan

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n gbé àpò Ghana-must-go méjì wọ ọ́fíìsì wa ní Ìbàdàn. Bàbá kan ló ni ín, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, alàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ṣì wà láyé, àwọn ọmọ wọn sì máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ wọn méjì ló sìn wọ́n wá: obìnrin tó jẹ́ àkọ́bí, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó.

Nínú àpò kìíní, a bá nótùbúùkù mọ́kànlá tí wọ́n fi rọ́bà dè pọ̀. Ìtàn Àtúnṣe Ìjọ ni, ìyẹn ìgbà tí àwọn kan ní Yúróòpù ya kúrò lábẹ́ Póòpù tí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì fi bẹ̀rẹ̀: Luther ní Jámánì, Zwingli ní Zurich, Calvin ní Geneva, Tyndale àti Cranmer ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí dé ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì gbé ẹ̀sìn náà dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ọdún méjìdínlógún ni Bàbá fi kọ ọ́. Àpò kejì ni tiẹ̀ kún fún oríṣiríṣi. Àlọ́ ìjàpá wà níbẹ̀, àlọ́ àpamọ̀ wà níbẹ̀. Ìtàn awakọ̀ mólúè kan wà tó máa ń bá èrò ọkọ̀ rẹ̀ jiyàn lórí Bíbélì láti Ọ̀jọ́ta dé Ọ̀ṣòdì. Ìwé pẹlẹbẹ kan dá lórí ìjà inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, bí àwọn olóhùn òkè ṣe ń bá àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ wọ̀yá ìjà lórí ẹni tí yóò jókòó sí iwájú. Ìtàn ìfẹ́ kan sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n fi bébà káàkì wé lọ́tọ̀.

Ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọgọ́rin ọdún Bàbá ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n sì fẹ́ kí ìwé Àtúnṣe Ìjọ jáde lọ́jọ́ náà. “Àpò kejì yẹn, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Alàgbà ni Bàbá.”

Bàbá ń nu gíláàsì ojú wọn. Wọn ò gbójú sókè. “Àpò méjèèjì,” ni wọ́n ní, “ìyá kan náà ló bí wọn.”

Mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n n kò fi ṣe nǹkan kan. Ọmọ ló ń san owó, ọjọ́ sì ti sún mọ́. Mo gba àpò kìíní, mo dá ìkejì padà sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ wọn láìṣí ojú ìwé kan wò nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì ṣe é.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ olóòtú pẹ́ díẹ̀ yóò mọ àrùn tó ń ṣe mí nígbà náà. Mo gbà pé ìwé ìtàn gbọ́dọ̀ fajú ro. Bàbá kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni tó jókòó sí ìta lálẹ́, tí àwọn ọmọ yí ká. Bí wọ́n ṣe kọ ti Katharina von Bora, obìnrin tó padà di aya Luther, nìyí, nínú nótùbúùkù kẹrin:

“Òru Àjíǹde ku ọ̀la, ọdún 1523. Bàbá Koppe, oníṣòwò ìlú Torgau, wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ dé ilé àwọn sísítà ní Nimbschen. Òun ló máa ń gbé ẹja ṣáwá wá fún wọn. Ìyá Àgbà ilé náà kò tilẹ̀ yọjú wo inú kẹ̀kẹ́, òórùn ti tó o. Ẹja wọlé, sísítà méjìlá jáde. Ẹ ti rí obìnrin tó sá fún ọkọ. Ẹ̀yin ẹ ti rí èyí tó sá lọ bá ọkọ tí kò tíì mọ̀?”

Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ nìyí: “Ní ọdún 1523, àwọn obìnrin méjìlá kúrò ní ilé ìsìn tó wà ní Nimbschen. Ọ̀kan nínú wọn, Katharina von Bora, fẹ́ Luther ní ọdún 1525.”

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ̀mí náà ni kò sí. Mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ojú ìwé kìíní dé ìgbẹ̀yìn. Ọgbọ̀n ojú ìwé ẹ̀rín ni mo gé dànù, mo sì rò pé mo ń ṣe Bàbá lóore. Nígbà tí mo kó prúùfù, ẹ̀dà àyẹ̀wò tó ń ṣáájú ìtẹ̀wé, lọ fún wọn, wọ́n ṣí i síbí, wọ́n ṣí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, “Ó mọ́ tónítóní.” Ìyìn ni mo pè é. Ó tó ọdún méjì kó tó yé mi pé wọn ò yìn mí.

Ìwé náà jáde ní ojú ìwé 412, ẹ̀dà 1,000. Ìkójáde rẹ̀ lárinrin. Alága wà, olùfilọ́lẹ̀ wà, aṣọ ẹbí wà, wọ́n náwó débi pé owó ìtẹ̀wé padà wálé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí ènìyàn bá fi owó nìkan wọ̀n ọ́n, a ṣe oríire. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń kó àga jọ, a ṣa ìwé mẹ́tàdínlógójì nílẹ̀. Ọ̀kan ní àmì róbótó ìdí ìgò mọ́ọ̀tì lójú Luther. Òmíràn, wọ́n ti ká ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì, ó hàn pé abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ṣe. Àwọn tó gbé tiwọn lọ ilé ńkọ́? Ní oṣù mẹ́fà, n kò tíì bá ẹnì kan pàdé tó kọjá orí kejì. Páálí ìwé tó kù wọ abẹ́ àtẹ̀gùn ilé Bàbá, ikán sì bá wọn níbẹ̀.

Àkọ́bí ló pè mí nígbà tó yá. Ó ní Bàbá ti dákẹ́ jù, wọn kì í kọ nǹkan kan mọ́. Ó béèrè bóyá a lè mú ìtàn awakọ̀ mólúè jáde, kí ara Bàbá lè yá, ṣùgbọ́n kí a má fi orúkọ wọn sí i. Mo gbà. A fún un ní orúkọ mìíràn, ojú ìwé 48, bébà tí kò wọ́n, owó tí kò pọ̀. Àwọn tó ń tajà ní gáréèjì gbé e, ó sì tà.

Ó tà, ṣùgbọ́n ó tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Ẹni tó ka awakọ̀ mólúè tó rẹ́rìn-ín kú kò mọ ibi tí yóò ti rí òmíràn, nítorí orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé kò ní ìwé mìíràn láyé. Èyí tó dùn mí jù, tó sì tún pa mí lẹ́rìn-ín, ni ti arákùnrin kan nínú ìjọ wọn tó gbé ìwé mólúè náà lọ bá Bàbá lẹ́yìn ìsìn. Ó ka ojú ìwé kan sí wọn létí, ó ní, “Bàbá, irú èyí ló yẹ kí ẹ máa kọ. Ti Luther yẹn ti le jù.” Bàbá ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Nígbà tí ikọ́ lọ, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, “Ẹ wá gbọ́, Olóòtú, ṣé ẹ rí i pé ẹ ti sọ mí di ènìyàn méjì?”

N kò rí èsì fọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà kì í ṣe ọ́fíìsì mi. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá ni, nígbà tí à ń tún mólúè tẹ̀. Mo ti kó fọ́tòkópì nótùbúùkù Bàbá síbẹ̀ nígbà iṣẹ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ti sọ ọ́ di bébà ìnuwọ́. Alẹ́ ti lẹ́, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń dún, ebi sì ń pa gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ká ìwé fa bébà kan yọ láti fi nu yíǹkì ọwọ́ rẹ̀, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó kọ́kọ́ ń kà á sínú. Nígbà tó yá, ó gbé ohùn sókè.

Ìtàn sọ́séèjì Zurich ni. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ọdún 1522, òfin sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹran. Nílé Christoph Froschauer, atẹ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré parí iṣẹ́ kí ọjà ìwé Frankfurt tó dé. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n bá gé sọ́séèjì, wọ́n pín in jẹ. Zwingli, tó jẹ́ àlùfáà ìlú náà, wà níbẹ̀, òun kò jẹ. Wọ́n mú Froschauer. Ó sì wí tẹnu rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ìlú pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn àwọn ènìyàn òun tọ̀sán-tòru, pé oúnjẹ ẹlẹ́kọ lásán kò lè gbé wọn ró, ẹja sì wọ́n. Zwingli gun orí àga ìwàásù lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì tẹ ìwàásù rẹ̀ jáde. Láti ibẹ̀ ni Àtúnṣe Ìjọ ní Zurich ti gbiná. Bàbá kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: “Ẹni tó bá fẹ́ ká tẹ ìwé Ọlọ́run, kó kọ́kọ́ wo ìkòkò atẹ̀wé.”

Ariwo sọ. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pa á. “Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ wa ni bàbá yìí ń sọ! Ta ló kọ ọ́?”

Mo ní ẹni tó kọ mólúè tí wọ́n ń ká lọ́wọ́ ni.

“Ẹn-ẹn? Ṣé ó tún kọ òmíràn ni?”

Mo dé ilé lóru ọjọ́ náà, mo ṣí ìwé olójú ìwé 412. Sọ́séèjì Zurich gba ìlà méjì péré níbẹ̀. Mo wá ṣí orí kẹta. Bàbá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé èdè Látìn ni Luther fi kọ kókó 95 rẹ̀, àwọn gbólóhùn tó fẹ́ kí wọ́n jiyàn lé lórí, lọ́dún 1517, àwọn ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́ fún. Ohun tó mú orúkọ rẹ̀ wọ ọjà ni ìwé pẹlẹbẹ tó kọ ní èdè Jámánì lọ́dún 1518 lórí ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń tà: bébà kan ṣoṣo tí wọ́n ká di ojú ìwé 8. Kó tó di òpin 1520, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ju ìgbà ogún lọ, ní ìlú dé ìlú. Orí yẹn kọjá lọ́wọ́ mi. Mo tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe, mo tún kọ́mà rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ n kò gbọ́ ohun tó ń sọ, mo tẹ ìwé tó sanra bí búlọ́ọ̀kù fún ẹni tó kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ bẹ Bàbá nílé. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ gbé àpò kejì wá lókè àjà.

Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin láti ka àpò kejì tán, ó sì jẹ́ pé òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń ka àpò kìíní. Awakọ̀ mólúè tó máa ń sọ pé “ẹ jẹ́ ká bi Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀,” òun ni ohùn tó ń bi Póòpù Leo léèrè ọ̀rọ̀ nínú ìtàn Luther. Ìjàpá tó ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yọ nínú ewu, ojú rẹ̀ ni Bàbá fi wo Luther nígbà tó fi irùngbọ̀n àti orúkọ Junker Jörg sá pamọ́ sí ilé olódi Wartburg, tó jókòó síbẹ̀ tó ń túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1522. Ọwọ́ kan náà ni. Èmi ni mo gé ọwọ́ náà.

A pinnu láti tú ìwé ńlá náà sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ojú ìwé 32 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a ó fi sítépù kàn láàárín. Ìdí tó fi jẹ́ 32 kò ju pé bébà ńlá méjì péré ni, kò sí ègé tó ń ṣòfò. A dá ẹ̀rín padà. Ṣùgbọ́n ìgbà yìí ni iṣẹ́ olóòtú gan-an bẹ̀rẹ̀, nítorí ohùn Bàbá dára, àmọ́ nígbà mìíràn ohùn náà máa ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè pé ta ló sọ fún wọn pé Ìyá Àgbà Nimbschen kò yọjú wo inú kẹ̀kẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òórùn ẹja ló sọ ọ́. Wọ́n fagi lé e fúnra wọn. Níbòmíràn wọ́n ti kọ ọ́ pé inú àgbá ẹja ni àwọn sísítà náà kó sí. Ìtàn tó dé lẹ́yìn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dájú ni pé kẹ̀kẹ́ Koppe ló gbé wọn jáde, mẹ́sàn-án nínú wọn sì dé ọ̀dọ̀ Luther ní Wittenberg. A fi wọ́n sínú kẹ̀kẹ́, a yọ wọ́n nínú àgbá.

Ìjà ńlá dé lórí ìṣó. Ogójì ọdún ni Bàbá ti fi kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pé Luther fi òòlù kan kókó 95 mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Wittenberg ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1517. Mo fi hàn wọ́n pé Luther fúnra rẹ̀ kò kọ ọ́ síbì kankan pé òun kan nǹkan mọ́ ilẹ̀kùn. Melanchthon, alábàáṣiṣẹ́ Luther, ló kọ ọ́ lọ́dún 1546, lẹ́yìn ikú Luther, bẹ́ẹ̀ Melanchthon kò sì tíì dé Wittenberg lọ́dún 1517, ọdún kejì ló dé. Láti 1961 tí òpìtàn Kátólíìkì kan, Erwin Iserloh, ti gbé ìbéèrè náà dìde ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jà lé e lórí. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni lẹ́tà tí Luther kọ sí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Albrecht ti Mainz lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá ní kí n máa lọ ilé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi gbé fóònù mi. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́, gbólóhùn kan péré ló wà nínú rẹ̀: “Àwọn kan ní ó kàn án mọ́ ilẹ̀kùn, a rí lẹ́tà, a ò rí ìṣó.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ̀ ẹ́. N kò mọ olóòtú tó lè kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ kan tó jẹ́ Kátólíìkì bá wa ka prúùfù. Mo gba ẹni tó bá ń tẹ ìwé ẹ̀sìn níyànjú pé kó wá ẹni tó wà ní òdì kejì odò ka iṣẹ́ rẹ̀ kó tó dé ẹ̀rọ. Bàbá ti kọ “Ìjọ Àgùdà” jálẹ̀jálẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń pè é nílé. Olùkọ́ náà fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pé: “Ṣé àwọn Àgùdà ti dé Jámánì láti Brazil nígbà yẹn ni?” Òtítọ́ ni. Orúkọ àwọn tó padà bọ̀ sí Èkó láti Brazil, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Ìjọ Kátólíìkì, ló lẹ̀ mọ́ ìjọ náà lọ́dọ̀ wa, ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn Luther. A yí i padà sí “Ìjọ Róòmù” nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù, a fi Àgùdà sílẹ̀ fún ibi tó ti kan Èkó. Olùkọ́ náà tún béèrè pé kí ló dé tí ìwé kò fi sọ pé Róòmù náà tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Bàbá jókòó, wọ́n kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí Ìgbìmọ̀ Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, 1545 sí 1563. Wọn ò fi ìjàpá sí i, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ dáadáa.

Nígbà yìí, èmi tí mo ti ń gé ẹ̀rín dànù tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹni tí kì í fẹ́ ojú ìwé tí kò ní ẹ̀rín. Orí tó sọ nípa ogun àwọn àgbẹ̀ Jámánì ní 1524 sí 1525 gbẹ lójú mi. Luther kọ ìwé nígbà náà tó ní kí àwọn ọmọ aládé pa àwọn àgbẹ̀ tó dìde, wọ́n sì pa wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà púpọ̀. Bákan náà ni orí tó sọ bí wọ́n ṣe dáná sun Servetus, ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan gbọ́, ní Geneva, ìlú Calvin, lọ́dún 1553. Mo ní kí Bàbá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kó lè bá àwọn yòókù mu. Wọ́n wò mí. “Ọmọ mi, ibi tí wọ́n ti ń sun ènìyàn ni o fẹ́ kí n ti dá àpárá?”

Mo tijú. Mo tún orí náà kà lálẹ́, mo wá rí i pé gbígbẹ rẹ̀ kì í ṣe àárẹ̀. Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ níbẹ̀ ni. Ẹni tó ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn láti ojú ìwé kìíní yóò gbọ́ ìdákẹ́ náà ketekete.

Ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ pé ọgbọ́n tèmi ni, ni pé mo gbé orí ìkẹyìn wá sí iwájú. Gbogbo ẹni tí mo fi ìwé ńlá náà lọ̀ ló máa ń béèrè pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Luther. Èsì rẹ̀ wà ní ojú ìwé 380, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Ibẹ̀ ni Bàbá ti sọ pé David Hinderer, tó kó ẹ̀sìn Kírísítì wọ Ìbàdàn, tó jókòó sí Kúdẹtì pẹ̀lú aya rẹ̀ Anna ní 1853, ọmọ Württemberg ní Jámánì ni, Basel ní ilẹ̀ Switzerland ló sì ti kọ́ṣẹ́ kí ìjọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó rán an. Ibẹ̀ ni Crowther wà, ọmọ Òṣogùn, àti Bíbélì Yorùbá tó pé ní 1884: ohun kan náà tí Luther ṣe fún èdè Jámánì, tí Tyndale sì ń ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó pa á ní 1536. Ẹni tó bá ti mọ Kúdẹtì, ó ti ní ìdí láti bá wa dé Wittenberg.

Orúkọ Bàbá ni a fi sí gbogbo rẹ̀: Luther, mólúè, ìjàpá àti ìjà àwọn akọrin. Ọkùnrin ará Èkó yẹn kọ́kọ́ kọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ fún un nípa arákùnrin tó ń fi ìwé Bàbá kọ́ Bàbá bí a ṣe ń kọ̀wé. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan, a to orúkọ gbogbo àwọn yòókù sí i, láìpín wọn sí ti ẹ̀sìn àti ti ẹ̀rín.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dán mọ́rán. Kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé kò ní fọ́ǹtì tí à ń lò, nítorí náà àmì ohùn ṣubú nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé Katharina. Ibi tí Bàbá ti kọ ọ́ pé àwọn sísítà “sá wọ inú ọkọ̀,” ohun tó jáde ni pé wọ́n “sá wọ inú ọkọ.” Ẹ̀dà igba la dànù. Láti ọjọ́ náà, PDF tí fọ́ǹtì ti wà nínú rẹ̀ nìkan ló ń jáde lọ́dọ̀ mi, mo sì máa ń ka ojú ìwé kan lórí ẹ̀rọ gan-an kí wọ́n tó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Olùtàwé ṣọ́ọ̀ṣì kan kò gbà kí ìjàpá jókòó ti Luther lórí tábìlì òun. Ìwé pẹlẹbẹ kò sì ní ẹ̀gbẹ́ tí a lè kọ orúkọ sí, bó bá ti wọ àárín ìwé mìíràn lórí pẹpẹ, ó di àwátì. Ti Calvin kò tà. Ẹ̀bi mi ni, mo ki ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé méjì bọ inú ẹyọ kan.

Ti Katharina ló kọ́kọ́ tán. Àwọn ìyá ìjọ ló gbé e, wọ́n ń kà á fún ara wọn: bó ṣe ń pọn bíà, tó ń sin màlúù, tó ń ra oko, débi pé Luther ń pè é ní “ọ̀gá mi Käthe” nínú lẹ́tà. Sọ́séèjì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé ńlá, èyí tí mo ti gé lọ́wọ́ gé lẹ́sẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Páálí mẹ́rin ló kù lábẹ́ àtẹ̀gùn nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ikán sì ti jẹ ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé fi ohun kan hàn mí tí n kò rò rí. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to ìwé, 270.6 ni ti Àtúnṣe Ìjọ, 398.2 ni ti àlọ́, 896.333 ni ti lítíréṣọ̀ Yorùbá. Pẹpẹ mẹ́ta ni ìwé Bàbá wà nínú ilé kan náà, ẹni tó bá rí ọ̀kan kò ní rí èyí tó kù, àfi tó bá fi orúkọ òǹkọ̀wé wá a. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi tún gba orúkọ ìnagijẹ lọ́wọ́ ẹbí mọ́, àfi kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ bẹ̀ mí.

Bí òǹkọ̀wé bá wọlé báyìí, mo máa ń béèrè ohun tó kù nílé, mo sì máa ń ka èyí tí wọ́n fi ń tijú kí n tó fọwọ́ kan èyí tí wọ́n fi ń yangàn. Pẹ́ńsùlù méjì ni mo ń lò. Pupa ni mo fi ń bi ohun tí kò bá dá mi lójú pé ó ṣẹlẹ̀. Dúdú wà fún èdè, mo sì ń ṣọ́ ọ lò. Fọ́tòkópì àfọwọ́kọ kì í tún wọ ilé ìtẹ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpẹ́lọpẹ́ bébà ìnuwọ́ yẹn.

Ìtàn ìfẹ́ inú bébà káàkì ṣì wà nínú dúróà mi. Mo ti kà á. Ó dára ju gbogbo ìyókù lọ, àwọn ọmọ méjèèjì sì ti ní àwọn kò gbà, nítorí wọ́n dá obìnrin inú rẹ̀ mọ̀, kì í sì í ṣe ìyá wọn. Bàbá máa ń pè mí láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Wọn kì í béèrè rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni bóyá dúróà náà ní kọ́kọ́rọ́.